Ara gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára: ṣé ìyẹn ni pé ó ṣiṣẹ́? Báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó lára?

Ìyá Dámi (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Ọmọ mi gba penta àkọ́kọ́ (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún), itan rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbóná, kò jẹ́ ká fojú kan oorun lóru yẹn. Ọmọ ìyàwó àbúrò ọkọ mi gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà ló gún àwọn méjèèjì. Ìyẹn délé, ó mu ọmú, ó sùn fọnfọn. Ìyá ọkọ wa ní tèmi ni abẹ́rẹ́ "mú", ti èkejì kò wọlé. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti wá ń bẹ̀rù, ó ní ṣé kí òun lọ gba òmíràn fún un ni. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London tún dá kún un, ó ní ara ọmọ tòun kò gbóná rárá nígbà tí wọ́n gún un, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí táwọn òyìnbó kò fẹ́ mọ́ ni wọ́n ń kó wá bá wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye, ẹ jọ̀ọ́.

Alájàpá Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Màmá ti sọ ọ́ tán. Èyí tó bá ta ló ń ṣiṣẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tí kò kan, ta ni yóò rà á?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Ẹ̀gbọ́n Alájàpá, ẹ jẹ́ kí gàrí wà lọ́jà o jàre. Ìyá Dámi, fọkàn balẹ̀, sọ fún ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ kí òun náà fọkàn balẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé sára ọmọ méjèèjì.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lára lẹ́yìn abẹ́rẹ́, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó wà nítòsí ojú abẹ́rẹ́ á rí àlejò, wọ́n á figbe ta. Igbe yẹn ni ibi tó wú, ara tó gbóná, orí tó ń fọ́. Ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kò mọ àrùn kan yàtọ̀ sí òmíràn, bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá kọjá, wọ́n ti dákẹ́.

Èkejì ni iṣẹ́ gan-an. Nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lábíyá, lọ́rùn àti níbi tí itan ti pàdé ikùn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn jagunjagun tó mọ àrùn yẹn lójú, á sọ wọ́n di púpọ̀. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn kan nínú wọn á lọ fi mùdùnmúdùn egungun ṣe ilé, wọ́n á máa ṣe àǹtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà, níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn mìíràn á máa rìn káàkiri, wọ́n á máa ṣọ́nà de ọjọ́ tí àrùn náà bá yọjú. Gbogbo èyí kò ní igbe nínú. Kò sí ìyá tó lè gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ kó fi mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Nígbà Kòrónà, ìwádìí kan tàbí òmíràn rí i pé àwọn tí ara wọn gbóná ní àǹtíbọ́dì tó fi díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ nǹkan kan lára náà ní in, ó sì pọ̀ tó. Ohun mìíràn tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín: nínú àwọn ìdánwò abẹ́rẹ́ Kòrónà, wọ́n gún àwọn kan ní omi iyọ̀ lásán láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé orí ń fọ́ àwọn, tàbí pé ó rẹ àwọn, tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn àkọ́kọ́ náà. Omi iyọ̀ o!

Ọmọ Ṣàgámù
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, "kò sí nǹkan kan" ni tiyín nígbà gbogbo. Ní 2021, nígbà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ Kòrónà AstraZeneca dé, ẹ ní kò léwu. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ta ló jẹ́ kí a mọ̀ ṣáájú? Ta ló mọ èyí tó tún máa jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Alájàpá Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Ọdún mẹ́wàá kọ́, ọdún méjì ni wọ́n dá fún wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní òyìnbó kan tó gba ẹ̀bùn Nobel, Montagnier, ló sọ pé gbogbo ẹni tó gba abẹ́rẹ́ Kòrónà á kú láàárín ọdún méjì. May 2021 ni ọ̀rọ̀ yẹn gba ìlú kan. Bàbá yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ tajà ni. Èmi tí mo gbà á, Ojúde Ọba ń kọjá lórí mi lọ́dọọdún, aṣọ ẹgbẹ́ ni kò jẹ́ kí n rímú mí.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
> Ta ló jẹ́ kí a mọ̀ ṣáájú?

Bọ̀dá Ṣàgámù, ìbéèrè gidi lẹ bi, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn jẹ́ òtítọ́. March 2021 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù dá abẹ́rẹ́ náà dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù yẹn gan-an ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún tirẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bíi ẹnì kan nínú 50,000 sí 100,000. Irú nǹkan tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè hàn nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mélòó kan, àfi ìgbà tó dé ara àràádọ́ta ọ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀: láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí ọgbọ̀n lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1976 ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n gún àwọn èèyàn nítorí àrùn ọ̀fìnkìn ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn kan, bíi ẹnì kan nínú 100,000, ní àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni tiwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ lára. Ara á fọ́ ọ túútúú, á sì dà á nù. Ìrántí tó fi sílẹ̀ ló ń pẹ́. Ewu tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣe, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ti sábà máa ń ṣe é. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn, kí ara kọ̀ ọ́ lójijì kí èémí má jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń gbà, bíi ẹnì kan nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó máa lọ, tí ẹ fi ń bínú sí wa.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé àwa kan máa ń sọ fún ìyá ọmọ pé "kò ní ṣe é ní nǹkan kan" kí ìlà lè yára. Kò dáa. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé ara ọmọ lè gbóná, tó wá gbóná, kò ní sá. Èyí tí wọ́n purọ́ fún kò ní padà wá gba èkejì.

Elewé Ọmọ (Sábó, Ṣàgámù)
Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Èmi ń ta àgbo, n kò sì bá abẹ́rẹ́ jà, àwọn ọmọ mi gbà á. Gìrì ni tèmi. Ara ọmọ tó gbóná gan-an lè fa gìrì, ìyẹn ni àwọn ìyá wa ń bẹ̀rù, kì í ṣe pé wọn ò lajú. Ṣé kò dáa kéèyàn fún ọmọ ní paracetamol kó tó lọ gba abẹ́rẹ́, kí ara má tilẹ̀ gbóná rárá? Àwọn kan tún máa ń fi omi gbígbóná tọ́ itan ọmọ, wọ́n á fi róòbù ra á.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ìyá wa, ẹ̀rù yẹn tọ́. Abẹ́rẹ́ éèyí (measles), ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n gún un, máa ń mú ara àwọn ọmọ kan gbóná, gìrì sì ń gbé bíi ọmọ kan nínú 3,000 sí 4,000. Ó ń kó jìnnìjìnnì báni, ṣùgbọ́n kì í ba ọpọlọ jẹ́. Éèyí fúnra rẹ̀ ń fa gìrì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń mú òtútù àyà àti ojú fífọ́ wá.

Lórí paracetamol, ẹ má fún un ṣáájú. Ní 2009, ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Czech: àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún ní paracetamol kí ara tó gbóná kò gbóná bíi ti àwọn yòókù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àǹtíbọ́dì wọn kéré sí tàwọn ẹgbẹ́ wọn lórí abẹ́rẹ́ mélòó kan. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ní ìwọ̀n tó lè dáàbò bo ọmọ, kí n má dẹ́rù bani. Ẹ dúró kí ara gbóná ná, kí ẹ wá fún un ní ìwọ̀n tó bá kìlò rẹ̀ mu. Omi gbígbóná àti róòbù, ẹ fi sílẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi lé e.

Ìjẹ̀bú ní London
Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Ibi ni wọ́n ti ní kí n fún ọmọ ní paracetamol lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó gba abẹ́rẹ́ tán, kí n má dúró kí ara gbóná. Ta ni kí n gbà gbọ́ báyìí?

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Àwọn méjèèjì, àbúrò mi. Ti abẹ́rẹ́ MenB nìkan nìyẹn, èyí tí wọ́n ń fi ṣẹ́gun àrùn yírùnyírùn. Ó máa ń mú ara gbóná púpọ̀, wọ́n sì ti dán an wò pé paracetamol kò dí i lọ́wọ́. Kò sí nínú káàdì àwọn ọmọ wa níhìn-ín.

Nípa èyí tó o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, o kò parọ́. Ibi tó o parí ọ̀rọ̀ sí ni mo bá ọ jà sí. Nínú penta tiwa, apá tó jẹ́ ti ikọ́ awúbi, odindi kòkòrò tí wọ́n ti pa ni. Ti ọ̀dọ̀ yín, wọ́n ṣa ìwọ̀nba ẹ̀yà díẹ̀ lára kòkòrò náà, wọ́n da ìyókù nù. Odindi kòkòrò ní ohun púpọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ara ń rí tó fi ń figbe ta, ìdí nìyẹn tí itan fi ń wú.

Japan ló kọ́kọ́ sá fún un. Ní 1975, lẹ́yìn tí ọmọ méjì kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n dá a dúró, àwọn òbí náà sì fà sẹ́yìn. Ikọ́ awúbi tí kò ju bíi 400 lọ ní 1974 di nǹkan bí 13,000 ní 1979, èèyàn 41 sì kú lọ́dún kan yẹn. Àwọn Japan náà ló wá ṣe èyí tí kì í wú itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1981. Láti àwọn ọdún 1990, àwọn olówó ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí. Ìgbà tó pẹ́, wọ́n rí i pé ààbò èyí tí kì í mú ara gbóná yẹn kì í pẹ́ lára. Ikọ́ awúbi padà dé California ní 2010, ó padà dé England ní 2012, ó sì mú àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé. Láti October 2012 ni England ti ń gún aláboyún, kí ọmọ tuntun lè bá ààbò jáde láti inú ìyá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo odindi kòkòrò pé kí wọ́n má yí i padà. Owó wà nínú rẹ̀ náà, tiwa kò wọ́n bíi tiyín, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ayédèrú ni wọ́n ń fún wa kò mọ ìtàn yìí.

Ìyá Dámi (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ dúró ná. Ṣé ìyá ọkọ mi wá ṣẹ́gun nìyẹn? Èyí tó ń wú ló ń pẹ́.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Rárá o. Abẹ́rẹ́ ń yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́, ìyẹn ni mo sọ. Ọmọ yín àti ọmọ ìyàwó àbúrò ọkọ yín, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gbà. Gbogbo ohun tí odindi kòkòrò yẹn ń kọ́ ara, àwọn méjèèjì ló kọ́. Ẹ̀ṣọ́ ara ti ọ̀kan lẹ́nu ju ti èkejì lọ ni.

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Àpá tó wà lápá mi, bùpá ni, ti ìgbà tí olóde ń ká ilé ká ọ̀nà, tí a kì í fẹnu pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Bùpá kì í ṣe eré. Ibẹ̀ á lé, á gún, á ṣe ọyún, abíyá á wú, ara á gbóná. Kò sí ẹni tí wọ́n bù lápá tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n 1970 ni a rí olóde gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di May 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà tí wọ́n bù lápá ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn wò, ìrántí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ní 1846, éèyí wọ àwọn erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Faroe, lábẹ́ Denmark. Nínú èèyàn bí 7,800, nǹkan bí 6,000 ló mú. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Panum, ń lọ láti ilé dé ilé, ó rí i pé àwọn arúgbó kan wà tí kò mú rárá. Àwọn wo? Àwọn tó ti ṣe éèyí ní 1781, ìgbà tó wá síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọdún 65 ni éèyí kò fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ara wọn kò gbàgbé.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Olikoye Ransome-Kuti sí ní December 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School. Dókítà ọmọdé ni. Nígbà tó di mínísítà ìlera ní 1985, ó tẹnu mọ́ ọn títí abẹ́rẹ́ ọmọdé fi wọ àwọn abúlé tí dókítà kò tẹ̀ rí.

Ọmọ Ṣàgámù
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn arúgbó Faroe yẹn kò kúkú gba abẹ́rẹ́. Éèyí gan-an ló mú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe éèyí kó sì sinmi.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Àwọn tó là á já ni Panum bá sọ̀rọ̀, Bọ̀dá mi. Àwọn tó kú ní 1781 kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Éèyí tún ní ìwà burúkú kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní. Inú àwọn jagunjagun tó ń rántí gan-an ló máa ń wọ̀, á pa wọ́n. Ní 2019, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò kí éèyí tó mú wọn àti lẹ́yìn rẹ̀: àwọn kan pàdánù díẹ̀, àwọn kan pàdánù ju ìlàjì àǹtíbọ́dì tí wọ́n ti ní fún àwọn àrùn mìíràn. Ọmọ tó ṣe éèyí á mọ éèyí títí ayé, ó sì lè gbàgbé òtútù àyà tó ti ṣẹ́gun lésìí. Ẹ wá gún un ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí abẹ́rẹ́ méjèèjì bá pé, bíi 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní ààbò.

Ọmọ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní tèmi. Mo gba abẹ́rẹ́ jẹdọ̀jẹdọ̀ B mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kékeré. Mo ṣe àyẹ̀wò láìpẹ́ nítorí ibi iṣẹ́, wọ́n ní àǹtíbọ́dì mi kò tó 10 mọ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ààbò wà, kí n san owó kí n tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. N kò dárúkọ ibẹ̀. Ṣé ó ti parẹ́ lára mi ni?

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Kò parẹ́. Àǹtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ìrántí. Ó lè lọ sílẹ̀ kí jagunjagun tó ń ṣe é ṣì wà. Jẹdọ̀jẹdọ̀ B kì í yára: láti ọjọ́ tó wọlé sára títí àìsàn á fi hàn, oṣù kan sí oṣù mẹ́fà ni. Kí ó tó múra tán, ìrántí á ti jí, á ti ṣe àǹtíbọ́dì mìíràn jáde. Wọ́n ti tẹ̀lé àwọn tó gbà á fún ọgbọ̀n ọdún, ààbò wọn ṣì dúró. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lo ń fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lè ní kó o gba ẹyọ kan, kí wọ́n tún yẹ̀ ọ́ wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi owó rẹ sápò.

Ohun kan náà ló fà á tí Kòrónà fi ń mú ẹni tó gba abẹ́rẹ́. Imú àti ọ̀fun ló ń bá jà, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń gbé e ṣe, kí ìrántí tó jí, èèyàn á ti máa sín. Ó tún ń pààrọ̀ ìrísí. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, jagunjagun ti dé, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ fi ń ṣàìsàn lórí ibùsùn wọn tí wọn kò dé ilé ìwòsàn. Éèyí àti ibà pọ́njú (yellow fever) kì í pààrọ̀ ìrísí bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ wọn sì jẹ́ kòkòrò tó wà láàyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ẹ wo káàdì ibà pọ́njú yín, èyí tí ẹ fi ń wọ bàálù: tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń kọ sí i. Láti July 2016, ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Ti ipá (tetanus) ni kì í dúró bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún fún àwọn aláboyún, márùn-ún lápapọ̀.

Ìyá Fẹ́rànmí (Òde Rẹ́mọ)
Èmi ni ti apá ọmọ. Wọ́n gún tèmi ní BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lọ́jọ́ tí mo bí i, kò lé, kò gún, kò ní àpá. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ní àpá. Mo sì tún lọ sí Èkó fún ọjà, penta kejì ti kọjá lórí wa. Ojú ń tì mí láti padà lọ, wọ́n á ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. BCG tí kò ní àpá kì í ṣe àìsí ààbò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí a má tún un gún. Penta náà, ibi tó o dúró sí la ó ti máa bá a lọ. A kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ṣì rántí ti àkọ́kọ́. Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, mú un wá ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn. Tí káàdì bá ti sọnù, wá bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa.

Ìyá Dámi, tí itan bá ṣì le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tó ń pọ́n, tó ń gbóná tàbí tó ń ṣe ọyún, ìyẹn lè má jẹ́ ti abẹ́rẹ́ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ló wọ ojú abẹ́rẹ́. Gbé e wá kí a wò ó, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù wà fún un.

Ìyá Dámi (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ó ti lọ sílẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní kí n bi yín pé róòbù díẹ̀ ńkọ́, díẹ̀ péré.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ
Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ní rárá.